Lymphoma: kí ni "IIB" tí wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 24 ni àbúrò mi. Kókó yọ sí i lọ́rùn, kò dùn ún rárá. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní Hodgkin lymphoma ni, ìyẹn irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú àwọn kókó inú ara tó ń bá wa gbógun ti àrùn. Lẹ́yìn tí wọ́n ya gbogbo ara rẹ̀, wọ́n kọ "IIB". Ẹ jọ̀ọ́, kí nìyẹn?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà (II, ìyẹn ìpele kejì) ń sọ ibi tí àrùn náà dé, lẹ́tà (B) ń sọ ohun tó ń fi ara ṣe. Iṣan pẹrẹsẹ tó pín àyà àti ikùn níyà ni wọ́n fi ṣe ààlà. Kókó ojú kan péré ni ìpele kìíní. Tó bá wà lọ́rùn, lábíyá àti nínú àyà, ìpele kejì náà ni, torí òkè ààlà ni gbogbo wọn wà. Ó di ìkẹta tó bá wà lókè, tó tún wà nísàlẹ̀. Ìkẹrin ni tó bá ti wọ mùdùnmúdùn eegun tàbí ẹ̀dọ̀. Ìlú Ann Arbor ní Amẹ́ríkà ni ìlànà yìí ti wá ní 1971. Wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà náà.

B ni pé ibà rẹ̀ ń kọjá 38°C láìnídìí, tàbí òógùn òru ń mú kí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì rin gbingbin, tàbí ó rù ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín oṣù mẹ́fà: ẹni tó wọn kílò 70 tó wá ku 62. Ara yíyún wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí, àmọ́ wọn kì í kà á mọ́ B.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ìpele kẹrin ni wọ́n kọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi wé ìpele kẹrin jẹjẹrẹ ọmú. Oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń dé ibi tí àrùn yìí dé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà ní ìpele kẹrin Hodgkin ló sì ń rí ìwòsàn pátápátá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó kí wọ́n tó ṣe PET, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya gbogbo ara rẹ̀?

Ìdáhùn: Ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀ ni wọ́n fún un lábẹ́rẹ́; ibi tí àrùn wà máa ń fà á mu gan-an, á sì tàn lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń mú kí ọ̀rá kan lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ fa ṣúgà yẹn mu bákan náà, èèyàn á rò pé àrùn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bò ó, kí òtútù má bàa mú un.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó bi dókítà nípa ọmọ bíbí. Àwọn oògùn kan lè dí i lọ́wọ́, wọ́n sì lè bá a tọ́jú àtọ̀ tàbí ẹyin rẹ̀ pa mọ́ ṣáájú.