Kí Ni Ẹ Tún Gbé Mì Lẹ́yìn Rẹ̀?

Tí mo bá bi aláìsàn pé, "Yàtọ̀ sí oògùn jẹjẹrẹ yìí, kí ni ẹ tún ń lò?", ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Kò sí o. Òun nìkan ni." Ọmọ tàbí ìyàwó tó jókòó tì í á wolẹ̀. Màá dákẹ́. "Bóyá oògùn ibà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Màá tún dákẹ́. "Àti àgbo díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tó le." Tí mo bá fara dà á díẹ̀ sí i, náílọ́ọ̀nù dúdú tó wà lábẹ́ àga á jáde, màá sì bá nǹkan mẹ́fà, méje nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọ fún un.

Apòògùn ilé ìwòsàn ni mí, ẹ̀ka jẹjẹrẹ ni iṣẹ́ mi wà. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí ni àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn kọjá ibi tí iṣẹ́ abẹ lè ká a, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ìyípadà EGFR wà nínú jẹjẹrẹ náà, ìyẹn àbùkù kan tó ń pàṣẹ fún un pé kó máa dàgbà. Osimertinib, hóró oògùn tó ń dí àbùkù yẹn lọ́wọ́, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, mílígíráàmù 80 lójúmọ́. Àwọn kan wà lórí erlotinib 150 tàbí gefitinib 250. Bí a ṣe ń lò ó wà lára páálí, ẹ kà á. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní àkókò kan náà. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má rún un lẹ́nu. Tí ẹ bá gbàgbé tàná, ẹ má gbé méjì mì lónìí. Ẹ má sì pín hóró kan sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Tí owó bá ń tán lọ, ẹ wá sọ fún wa kí oògùn tó tán.

Oògùn yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ tó rí i pé ìyípadà EGFR yìí ló fà á tí gefitinib fi ń ṣiṣẹ́ lára àwọn kan, tí àwọn mìíràn ò sì rí nǹkan kan gbà lára rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí osimertinib ní 2015. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní FLAURA, ó lé ní ìdajì àwọn tó fi osimertinib bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù 38. Fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn, ẹ bi àwọn dókítà tó ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ bóyá wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí oògùn yìí gbà lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, oògùn ibà tí kò nílò lè pa á.

Bẹ́ẹ̀ ni, ibà. Ní ilẹ̀ wa, kò sí àárẹ̀ tí kì í ṣe ibà. Orí fọ́, ibà ni. Ẹnu korò, ibà ni. Ara rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di ibà pẹ̀lú jẹ̀funjẹ̀fun. Bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ó rẹ ènìyàn, osimertinib náà sì máa ń jẹ́ kí ó rẹ ènìyàn, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka lásán ni, ìṣẹ́jú ogún kò ní pé tí èsì á fi jáde. Ta ló ń ṣe é? Kẹ́míìsì ni wọ́n ń gbà lọ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Iná mànàmáná kékeré kan ló ń mú kí ọkàn wa lù. Lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan, ọkàn gbọ́dọ̀ kó ara rẹ̀ jọ kí ó tó lè lù lẹ́ẹ̀kejì. Àkókò ìkórajọ yẹn wà lára ohun tí à ń wọ̀n lórí ECG, ìyẹn àwòrán ìlù ọkàn tí ẹ̀rọ ń yà sórí bébà; QT ni a ń pe ohun tí à ń wọ̀n náà. Osimertinib lè mú kí QT gùn. Lumefantrine, tó wà nínú oògùn ibà tí gbogbo ayé ń rà, lè mú un gùn. Chloroquine ń mú un gùn, quinine náà ń mú un gùn. Ciprofloxacin tí ẹ ń rà fún jẹ̀funjẹ̀fun, azithromycin tí ẹ ń rà fún ikọ́, ondansetron tí ń dá èébì dúró: ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọ̀kan lè má ṣe nǹkan kan fún yín. Tí mẹ́ta bá pàdé nínú ara ẹnì kan, ìlù ọkàn lè dàrú lójijì, kí onítọ̀hún ṣubú kí ó má sì dìde mọ́.

Ó tún kù. Pọtásíọ̀mù àti magnesium wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ló ń tún ìlù ọkàn ṣe. Ìgbẹ́ gbuuru ń gbé àwọn méjèèjì jáde. Osimertinib sì máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Erlotinib tún burú jù ú lọ.

Ìyá aláṣọ kan wà tí kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. (Ẹ má bi mí bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣe mú ẹni tí kì í fa sìgá. Ó ń mú wọn, EGFR gan-an sì wọ́pọ̀ láàárín wọn.) Kò pẹ́ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ osimertinib tí ikọ́ tí kì í jẹ́ kó sùn fi rọlẹ̀, ó sì padà sí ìsọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Káàdì tí mo kọ nọ́ńbà wa sí wà nínú Bíbélì rẹ̀, kò sí ẹni tó pè. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gba kẹ́míìsì lọ, ó ní, "Màámi ò lókun mọ́, ó jọ pé ibà ni." Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀, kó oògùn ibà onílumefantrine, ciprofloxacin àti oògùn èébì sínú náílọ́ọ̀nù, ó gba owó. Kò bi í pé oògùn wo ni màmá ń lò tẹ́lẹ̀. Aládùúgbò tó wá kí wọn gbé ìgò àgbo jẹ̀dí kan wá, ó ní májèlé oògùn òyìnbó ló ń da màmá láàmú, kí ó fọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n tún fún ní ohun tí ń múni yàgbẹ́! Kí ó má baà ku ẹnì kankan lẹ́yìn, wòlíì wọn ní kí ó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀, ó dákú sí balùwẹ̀. Wọ́n ní àwọn ayé ló tì í. Orí òkè àdúrà ni wọn ì bá gbé e lọ, àfi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ awakọ̀, tó bínú gbé e sínú mọ́tò, tó sì wà á wá bá wa. QT rẹ̀ ti kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 500, ó ti wọ ibi tó léwu. Pọtásíọ̀mù rẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an. A dá osimertinib dúró, a dá gbogbo ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù dúró, a fa omi àti pọtásíọ̀mù àti magnesium sí i lára, a sì fi ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà: kò sí. Àyẹ̀wò kékeré orí ìka yẹn kì í tètè gbàgbé ibà. Ó ṣì lè máa sọ pé ó wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ènìyàn ti lo oògùn rẹ̀ tán. Ohun tí a rí yẹn túmọ̀ sí pé ó ṣòro kí ibà kan ti wà lára ìyá yìí lọ́jọ́ tí wọ́n ra oògùn ibà fún un. Nígbà tí QT rẹ̀ padà sísàlẹ̀ 481, a tún bẹ̀rẹ̀ osimertinib fún un ní mílígíráàmù 40, bí ìwé oògùn náà ṣe là á sílẹ̀. Ó yè é. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fún wòlíì ní màlúù. Mi ò bínú, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

N kò ní kí ẹ má tọ́jú ibà o. Ibà ń pànìyàn. Kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo wí, tí ó bá sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ yín lọ́jọ́ náà gan-an. A ó yan oògùn tó bá yín mu, a ó sì wo ECG yín. Tí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ni, ẹ mu ORS kí ẹ sì pè wá. Kò sí inú tó ń fẹ́ fífọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ife náà wà ńlẹ̀. Mélòó nínú àwọn aláìsàn wa ni kò ti lo oògùn ikọ́ ife fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé jẹjẹrẹ lè ni òjìji tó hàn nínú àwòrán àyà wọn? Rifampicin wà nínú oògùn náà. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú osimertinib ká nínú ara, rifampicin á sì sọ ẹ̀dọ̀ di alápatà tí wọ́n ń san owó fún lórí iye ẹran tó bá kun: kò ní sinmi. Ó ń gé osimertinib tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kù ní ìpín 78 nínú 100. Ẹ ó máa ra oògùn olówó ńlá, ẹ ó máa gbé e mì déédéé, jẹjẹrẹ á sì máa dàgbà lọ. Oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Tí ikọ́ ife bá wà lóòótọ́, a mọ ohun tí a ó ṣe sí ìwọ̀n osimertinib. Kí ẹ ṣá sọ fún wa.

Fún àwọn tó wà lórí erlotinib: inú òfìfo ni, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Omeprazole tí ẹ ń gbé mì nítorí ọgbẹ́ inú ń gba ìpín 46 nínú 100 lọ lára rẹ̀, sìgá sì ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Osimertinib kò ní wàhálà omeprazole, kò sì bìkítà fún oúnjẹ.

Nípa ojú tó ń sú bí irorẹ́, n kò fẹ́ sọ púpọ̀. Oògùn ló fà á, a sì retí rẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ń lo erlotinib. Kì í ṣe epe. Ẹnì kan sọ fún mi lójúkojú pé Ṣọ̀pọ̀ná ló ń bínú sí ìyá òun, àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde láti 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé! Ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀, ó ń gbẹ ara. Ẹ fi òrí tó mọ́ pa á, ẹ yẹra fún oòrùn ọ̀sán, ẹ sì jìnnà sí ìpara tí ń bóra.

Èyí kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la: tí mímí bá dédé ń nira fún yín, tàbí ikọ́ tuntun dé tí ara sì gbóná, ẹ má gbé hóró tó kàn mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òtútù. Kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ jẹjẹrẹ ló padà dé. Osimertinib lè mú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ wú, nǹkan bí ẹni 4 nínú 100 ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ó sì lè pa ni bí a bá ń fi omi gbóná àti róòbù wò ó. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi róòbù pa láyà fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ó ku àwọn tí ààwẹ̀ Rámádánì ń sún mọ́. Osimertinib rọrùn: ìgbà sààrì tàbí ìgbà ìṣínu, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Erlotinib ni ó nílò ìṣirò: ẹ ṣínu, ẹ jẹun tán, ẹ ka wákàtí méjì kí ẹ tó gbé e mì, ẹ má sì jẹ nǹkan kan fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru kò ní ààwẹ̀ kankan lọ́rùn. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ aláìsàn sílẹ̀, ẹ bi álífáà yín. Kí onítọ̀hún mu omi, kó sì pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì.