Bí ìjókòó tó dájú ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú

Nígbà tí Cheryl Gillan, aṣòfin Chesham and Amersham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní oṣù Kẹrin 2021, kò jọ pé ẹgbẹ́ Conservative, tó ń ṣèjọba nígbà náà, ní ohun tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rù. Láti 1974 tí wọ́n ti dá ẹkùn ìdìbò náà sílẹ̀, àwọn nìkan ló ń wọlé níbẹ̀: ohun tí wọ́n ń pè ní ìjókòó tó dájú nìyẹn. Ní 2019, ìbò 16,223 ni Gillan fi borí. Etí Lọ́ńdọ̀nù ni ìlú méjèèjì wà, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìgboro.

Ikú nìkan kọ́ ló ń mú kí àyè ṣófo. Aṣòfin lè fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ kò lè kàn kọ̀wé fipò sílẹ̀: wọ́n á fi í jẹ ìríjú Chiltern Hundreds tàbí ti Manor of Northstead, oyè ọba tí kò níṣẹ́ nínú, tí ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó nílé aṣòfin mọ́. Bó bá ṣẹ̀ ní ọ̀nà tí òfin 2015 là sílẹ̀, àwọn ará ẹkùn rẹ̀ lè yọ ọ́, bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá buwọ́ lùwé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tó ni ìjókòó náà tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń béèrè ìwé àṣẹ ìdìbò, àǹfààní ńlá sì nìyẹn, torí òun ló ń mú ọjọ́. Olùdíje á fi £500 ṣe ìdógò. Bí ìbò rẹ̀ kò bá ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó náà ti wọgbó.

Kí ló wá ń yẹ ìjókòó tó dájú? Nínú ìdìbò gbogbogbòò, ẹni tó máa ṣèjọba ni olùdìbò ń rò. Nínú ìdìbò láti yan arọ́pò, ìjọba kì í sábà tìtorí ìjókòó kan ṣubú, nítorí náà èèyàn lè na ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́gba láìlé e kúrò nílé. Ní Chesham, inú ti ń bí wọn sí ojú irin HS2 tó gba àárín òkè Chiltern kọjá, àti sí ètò ìjọba láti mú ilé kíkọ́ rọrùn. Àwọn alátakò Conservative náà sì mọ ẹni tó lè borí, wọ́n sì kó ìbò wọn fún un. Nígbà tí wọ́n dìbò yan arọ́pò Gillan, ìbò Labour, tó lé ní 7,000 ní 2019, já sí 622. Ìdógò wọn lọ. Sarah Green ti Liberal Democrats ní 21,517, Peter Fleet ti Conservative ní 13,489. Ìdá 52 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde dìbò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Orpington, lóṣù Kẹta 1962, Eric Lubbock ti Liberal gba ìjókòó tí Conservative fi ìbò 14,760 wọlé sí ní 1959. Conservative gbà á padà ní 1970. Green, ní tirẹ̀, tún wọlé ní 2024.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tiwa tó ń gbé níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò yan aṣòfin, torí ọmọ ilẹ̀ Commonwealth ni, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ̀ sì tó láti fi hàn níbùdó ìdìbò. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú. Ìbò díẹ̀ lè pinnu ẹni tó máa wọlé: nínú ìdìbò arọ́pò ní Uxbridge and South Ruislip, lóṣù Keje 2023, ìbò 495 ló wà láàárín ẹni tó wọlé àti ẹni tó tẹ̀ lé e.