Ilé Àwòṣífìlà John Hancock, Boston

Ilé àwòṣífìlà John Hancock, tí orúkọ rẹ̀ di 200 Clarendon ní ọdún 2015, jẹ́ ilé alájà 60 tí wọ́n fi dígí bò láti òkè délẹ̀ ní ìlú Boston, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 241. Kò sí ilé mìíràn tó ga tó o ní agbègbè New England, ìyẹn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Henry N. Cobb, láti ilé-iṣẹ́ I. M. Pei, ló yàwòrán rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò John Hancock. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1968, wọ́n sì ṣí i ní 1976.

Ilẹ̀ rẹ̀

Àbàtà tí omi òkun ń wọ̀ ni Back Bay, àdúgbò tí ilé náà wà, tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó yẹ̀pẹ̀ dí i ní ọ̀rúndún 19. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ògiri irin tí wọ́n fi dá yẹ̀pẹ̀ dúró tẹ̀ sínú kòtò, ilẹ̀ àyíká sì rì. Èyí ba ṣọ́ọ̀ṣì Trinity tó wà nítòsí jẹ́, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1877, tí òjìji rẹ̀ ń hàn lára dígí náà lónìí.

Dígí tó ń já bọ́

Dígí 10,344 ló wà lára ilé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 227. Ní oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, ìjì líle kan jà, ọ̀pọ̀ dígí sì fọ́ dà sí ìgboro. Pákó ni wọ́n fi ń dí ojú ihò wọn, débi pé àwọn ará ìlú sọ ilé náà ní "Ààfin Pákó". Bí atẹ́gùn bá ti ń le, wọ́n á dí òpópónà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé mímì tí ilé náà ń mì ló ń fọ́ dígí. Etí dígí gan-an ni àléébù wà. Abala méjì ni dígí kọ̀ọ̀kan, àyè tín-ín-rín wà láàárín wọn, òjé ni wọ́n sì fi jó etí wọn mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yà wọ́n nípá. Dígí máa ń fẹ̀ bí oòrùn bá pa á, ó sì máa ń súnkì bí òtútù bá mú. Atẹ́gùn náà a sì máa tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ojú ìsopọ̀ náà máa dẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó gan pa. Nígbà tí òjé kò já, dígí ló ń sán, ní wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, títí yóò fi fọ́. Gbogbo 10,344 ni wọ́n yọ, tí wọ́n fi dígí alábala kan tí a fi iná mú le rọ́pò.

Ìdúró rẹ̀

Kí mímì náà má baà máa da àwọn tó wà lókè láàmú, ẹnjiníà William LeMessurier gbé àpótí irin méjì tí òjé kún inú wọn sí àjà 58, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 300, lórí epo fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ilé bá fì sápá kan, àpótí a fẹ́ dúró sójú kan, sípíríǹgì tó so wọ́n pọ̀ a sì fa ilé padà. Ewu tó tóbi jù ni Bruno Thürlimann, ẹnjiníà ará Switzerland, rí: ilé náà lè wó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,500 irin ìdábùú ni wọ́n fi kún egungun rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ọdún 25, èyí tí wọ́n ń fún ilé tó ṣì gbayì lẹ́yìn ọdún 25 ó kéré tán, ní 2011. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n ti ti àjà ìwòran rẹ̀ pa.