Owó Má-kọlù-mí Ni Parias, Kì í Ṣe Ìṣákọ́lẹ̀

Ó ti sú mi láti máa ka "ìṣákọ́lẹ̀" níbi tí àwọn tó ń kọ ìtàn Sípéènì àtijọ́ lédè wa bá ti fẹ́ túmọ̀ parias, ìyẹn wúrà tí àwọn ọba Mùsùlùmí ibẹ̀ ń san fún àwọn ọba Kírísítẹ́nì. Mo mọ ohun tó fà á. Ọba kan ń san wúrà fún ọba mìíràn lọ́dọọdún, ìṣákọ́lẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀? Ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko ni. Ó ń ru iṣu wá fún onílẹ̀ kó má baà gbàgbé pé ilẹ̀ kì í ṣe ti bàbá òun. Ọba Zaragoza, ìlú Mùsùlùmí kan, kò tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Castilla, ìjọba Kírísítẹ́nì tó ń gba wúrà rẹ̀. Bí a bá pe owó rẹ̀ ní ìṣákọ́lẹ̀, a ti dá Castilla láre ká tó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

"Owó-orí" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ ará ìlú ẹni la ti ń gba owó-orí. "Owó ìsìn" ló sún mọ́ ọn díẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ìlú báyìí ń sin ìlú báyìí. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa, ibí yìí gan-an ló sì ti máa ṣì wá lọ́nà. Fernando Kìíní, ọba Castilla, ń fi 1,000 owó wúrà ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Cluny ní ilẹ̀ Faransé, láti inú wúrà tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọba Mùsùlùmí. Alfonso Kẹfà ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ di 2,000 ní 1077. Ẹ kọ "owó ìsìn" síbẹ̀, kí òǹkàwé rò pé owó igbá ni Mùsùlùmí ń dá. Ní ti àwọn tó ń kọ "páríàsì", wọn ò tíì túmọ̀ ohunkóhun.

Èmi ń pè é ní owó má-kọlù-mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ gáréèjì ni. Kò burú. Ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó ń san án, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rù náà hàn nínú orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Córdoba túká ní 1031, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Andalus, apá Sípéènì tó wà lọ́wọ́ Mùsùlùmí, fi ọba tirẹ̀ jẹ. Wúrà wà lọ́wọ́ wọn, tí ràkúnmí ń rù la aṣálẹ̀ kọjá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí. Ọmọ ogun ni wọn ò ní tó. Àwọn ọba Kírísítẹ́nì ní àríwá ní ọmọ ogun, wọn ò ní wúrà. Bí ẹlẹ́mu ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹlẹ́mu tó mọṣẹ́ kì í gé ọ̀pẹ. Á fi igbà gùn ún láàárọ̀, á dá a níwọ̀nba, á so akèrègbè mọ́ ọn, á tún padà wá nírọ̀lẹ́. Bí ẹlẹ́mu mìíràn bá yọjú sí ìdí ọ̀pẹ ọ̀hún, ìjà dé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ọ̀pẹ. Ọjọ́ tí ọ̀pẹ bá gbẹ, àáké ló kàn.

Ẹ wo ìwé àdéhùn 1073. Al-Muqtadir ti Zaragoza á máa san 12,000 owó wúrà lọ́dún fún Sancho Kẹrin ti Navarra. Sancho náà á ní kí ọba Aragón, Kírísítẹ́nì bíi tirẹ̀ tó tún jẹ́ ìbátan rẹ̀, kúrò lórí ilẹ̀ Zaragoza. Bó bá kọ̀, Sancho á gbè sẹ́yìn Mùsùlùmí. Fernando ní tirẹ̀ pín parias fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń pín ogún: ti Toledo fún Alfonso, ti Zaragoza fún Sancho (kì í ṣe Sancho ti Navarra), ti Badajoz àti Sevilla fún García. Ní 1082, ikọ̀ Alfonso dé Sevilla. Àwọn òpìtàn Lárúbáwá ròyìn pé Júù tó wá gba owó náà wò ó, ó ní wúrà àbùlà ni, òun ò gbà á. Al-Mutamid, ọba Sevilla, ní kí wọ́n pa á.

Àáké dé Toledo ní 1085: Alfonso gba ìlú náà.

Ẹ̀rí tí mo gbára lé jù ni ti Abd Allah, ọba Granada, tó ń san 10,000 lọ́dún fún Alfonso. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé Sisnando, ikọ̀ Alfonso, là á yé òun kedere: Kírísítẹ́nì ló ni Andalus tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ gbà á padà, wọ́n á sì kọ́kọ́ gbọ́n ọn gbẹ. Ẹ ò rí i pé ẹnu Sisnando ni "ìṣákọ́lẹ̀" ti bá mu? Abd Allah mọ ìyẹn, ó sì ń san án. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ará Mọ̀rókò yọ ọ́ lóyè ní 1090, tí wọ́n kó o lọ sí Aghmat nílẹ̀ wọn, ibẹ̀ ló ti jókòó ṣàlàyé ara rẹ̀: òun san wúrà kí ogun má baà run ilẹ̀ òun.