Ohùn Ló Yàtọ̀, Wọ́n Ní Ìwà Ni

Ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni, ní pápákọ̀ òfurufú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn obìnrin ará Íńdíà àti Pakistan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ló ń bu oúnjẹ, ẹjọ́ wọn ò sì tán nílẹ̀: àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ń gba oúnjẹ ní wọn ò lọ́yàyà. John Gumperz, onímọ̀ èdè tó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1982, gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba ẹran, òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní "Gravy?", ohùn á ròkè. Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà á ní "Gravy", ṣùgbọ́n ohùn á wálẹ̀. Etí Gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́ ìbéèrè níbẹ̀ rárá. Ohun tó gbọ́ ni "ọbẹ̀ ẹran rèé". Lẹ́nu àwọn tó sọ ọ́, ìbéèrè ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn náà padà, wọn ò kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ kankan. Àwa tí ohùn ń ya igbá kúrò lára igba, ó yẹ kí èyí tètè yé wa.

Irú ẹjọ́ yìí ni olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún tú wò. Ká pín ìwé ìbéèrè kiri kò lè tú u, torí ìwọ̀nba èèyàn ló mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ; àfi ká gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi iṣẹ́ gan-an.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ní yunifásítì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà gbogbo ẹni tó máa jókòó nínú yàrá. Ìyọ̀ǹda ọ̀gá nìkan ò tó, ta ló fẹ́ kọ̀ fún ọ̀gá? Ẹgbẹ́ Janet Holmes, onímọ̀ èdè ní Wellington nílẹ̀ New Zealand, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996, fi ẹ̀rọ lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n gba ohùn ara wọn, kí olùwádìí má sí nítòsí. Ọgbọ́n gidi ni. Bí àlejò bá jókòó tì wọ́n, ẹ̀fẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀ ìpàdé á sá lọ.

Ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀; bí ẹ bá ń lo àmì Gail Jefferson, èyí tó ń fi bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde lẹ́nu hàn lórí ìwé, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ óò wọn ìdákẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ẹ óò fi àkámọ́ onígun sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ti gun ti ẹlòmíràn. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á gé ìkólòlò àti àsọtúnsọ dànù kí ọ̀rọ̀ lè mọ́. Bí ọ̀gá bá ní "Ṣé ó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn?", tí (0.9), ìyẹn ìdákẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, sì kọjá kí ẹnì kan tó ní "Bẹ́ẹ̀ ni", ìdákẹ́ yẹn lè jẹ́ gbogbo ẹ̀rí tí ẹ ní.

Èyí tó burú jù ni ká ti dájọ́ ká tó gbọ́: "Obìnrin ni, ìyẹn ló fi dákẹ́." Bóyá òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ńkọ́? Bóyá òun nìkan ni àjèjì ńkọ́? Kimberlé Crenshaw, onímọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn lọ́dún 1989 pé ohun tó ń ṣe obìnrin aláwọ̀ dúdú lè má jẹ́ ti obìnrin lásán, kó má sì jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú lásán. Ẹ wá ibi tí àwọn fúnra wọn ti fa ìyàtọ̀ náà yọ nínú ọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀rù kì í jẹ́ kó jáde nípàdé.

Tó bá wá kan títẹ̀ ẹ́ jáde, yíyí orúkọ padà kì í bo ẹni tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ kan. Ẹ yí ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ náà padà. Bí ìyẹn bá ba àlàyé jẹ́, ẹ yọ àyọlò náà, bó ti wù kó dùn tó.