Indar Sabha: Ibi Tí Eré Olórin Èdè Urdu Ti Ṣẹ̀

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Íńdíà rí mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ ti le, olólùfẹ́ méjì ń sunkún, àfi kí orin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn onífíìmù ló ki orin bọ̀ ọ́ kí ọjà wọn lè tà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orin ló ti wà nílẹ̀, ìtàn ló wá bá a níbẹ̀. Ìlú Lucknow ní àríwá Íńdíà, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba Awadh nígbà náà, la ti lè rí i kedere.

Wajid Ali Shah tó gorí oyè níbẹ̀ ní 1847 fẹ́ràn ijó àti orin gidigidi. Ní 1843, nígbà tó ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ, ó ti gbé eré kan kalẹ̀ lórí ìfẹ́ Radha àti Krishna. Mùsùlùmí ni, òrìṣà àwọn Híńdù ló sì fi ṣeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí èèwọ̀ ní Lucknow. Àmọ́ eré ààfin ni. Ẹni tí eré tirẹ̀ dé àárín ìlú ni akéwì kan tó ń jẹ́ Agha Hasan Amanat. Àìsàn ti gba ohùn rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ìgbà tó lọ ṣe àbẹ̀wò sí Karbala, ìlú mímọ́ àwọn Mùsùlùmí Shia ní Iraq, ló tó tún sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ń kólòlò, ilé ló sì sábà máa ń jókòó sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló rọ̀ ọ́ pé kó kọ eré olórin. Ohun tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 ni Indar Sabha, ìyẹn àgbàlá Indar, ọba àwọn òrìṣà Híńdù.

Ìtàn kan ti tàn kálẹ̀ pé ọba ló pàṣẹ kó kọ ọ́, pé ọba gan-an ló ṣe Indar, pé ará Faransé kan ló sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àkọsílẹ̀ wò ti fi hàn pé ìtàn yìí kì í ṣe òótọ́. Amanat fúnra rẹ̀ kọ àlàyé sórí eré náà, ó sì sọ pé ọ̀rẹ́ ló ti òun sí i. Ó yẹ kí ẹni tó ni iṣẹ́ gba iyì iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn inú eré náà kò gùn. Iwin obìnrin mẹ́rin ń jó níwájú ọba Indar: oníyẹ́lò, aláró, onípupa àti aláwọ̀ ewé. Iwin aláwọ̀ ewé nífẹ̀ẹ́ ọmọ aráyé kan, Gulfam, ó sì rán àǹjọ̀nú dúdú lọ gbé e wá. Gulfam ní àfi kí òun fojú rí àgbàlá Indar. Àṣírí tú. Wọ́n ju Gulfam sínú kànga, wọ́n gé ìyẹ́ iwin náà, wọ́n sì lé e jáde. Ó padà wá bí obìnrin alágbe ẹlẹ́sìn, ó kọrin títí Indar fi ní kó béèrè ohun tó bá wù ú. Gulfam ló béèrè.

Ẹ wò ó dáadáa, ìtàn yìí kàn dà bí okùn tí wọ́n fi sin ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún ni orin tí àwọn obìnrin olórin Lucknow ti ń kọ lágbo fáàjì tipẹ́. Ghazal, irú ewì ìfẹ́ kan, wà níbẹ̀ ní èdè Urdu: ìlà méjì-méjì ni ẹsẹ rẹ̀, ìlà méjèèjì ẹsẹ àkọ́kọ́ á parí sí ohùn kan náà, lẹ́yìn ìyẹn ìlà kejì ẹsẹ kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń padà sí i. Thumri, tó jẹ́ orin ìfẹ́, àti holi, orin àjọ̀dún Holi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn wọ̀nyẹn sì fi èdè Braj ti àwọn ará oko ṣe ọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀mọ̀wé rí tirẹ̀ jẹ, mẹ̀kúnnù náà rí tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á ta aṣọ pupa kan, òṣèré á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn akọrin á kọ orin àbọ̀dé, èyí tó ń sọ irú ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n á tan iná ẹ̀tù, aṣọ á ká, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sára òṣèré, òun náà á sì fi ewì sọ ara rẹ̀. Ìran yíyà àti ẹ̀rọ kankan kò sí níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kékeré fi lè ṣe é níbikíbi.

Ní 1856, Gẹ̀ẹ́sì gba Awadh, wọ́n sì lé ọba lọ sí Calcutta. Eré náà kò kú, torí ó ti di ìwé títẹ̀. Bombay ló gbé e ga. Èdè Gujarati ni àwọn Parsi, ìran àwọn ará Páṣíà tó ti ń gbé Íńdíà tipẹ́, tó ní ẹgbẹ́ òṣèré níbẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé eré rìn dé Hyderabad, Delhi àti Lahore nílò Urdu. Ní 1871, ẹgbẹ́ òṣèré Victoria ṣe eré Khurshid ní Urdu, èyí tí wọ́n túmọ̀ láti Gujarati. Òṣèré tí kò lè ka álífábẹ́ẹ̀tì Urdu a máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà Gujarati. Níbẹ̀ ni Indar Sabha ti rí aṣọ ìran yíyà àti ẹ̀rọ tí iwin fi ń fò, hámóníọ́mù náà sì wá di olórí ohun èlò orin. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló sábà máa ń ṣe obìnrin; nígbà tí àwọn kan gbé obìnrin olórin wá sórí ìtàgé, ìjà ńlá ló dá sílẹ̀ láàárín àwọn Parsi.

Àwọn ẹgbẹ́ yìí gbé e sọdá òkun. Ní Penang, ní ilẹ̀ Malay, wọ́n pe eré wọn ní wayang Parsi, ara rẹ̀ sì ni bangsawan, eré olórin àwọn Malay, ti hù. Nurti, eré olórin ti Sri Lanka, náà ti ibẹ̀ wá. Ní 1892, Friedrich Rosen, onímọ̀ ará Jámánì, túmọ̀ Indar Sabha sí èdè Jámánì.

Nígbà tí fíìmù Íńdíà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní 1931, eré ìtàgé Parsi ni fíìmù náà, Alam Ara, ti wá, orin méje sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yà á sún mọ́ ojú irin, ariwo ọkọ̀ á sì wọnú ohùn. Òru ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Olórin gbọ́dọ̀ kọrin níwájú kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi makirofóònù àti onílù pamọ́ sí ibi tí àwòrán kò ti ní mú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ Madan ní Calcutta sọ Indar Sabha ti Amanat gan-an di fíìmù. Iye orin inú rẹ̀ sún mọ́ 70.