Bí Ọmọ Tó Ní Hemofílíà Ṣe Ń Kọ́ Láti Sọ Pé "Ó Ti Bẹ̀rẹ̀"

Nínú bí 5,000 ọmọkùnrin tí a bí, ọ̀kan lè ní hemofílíà oríṣi A. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í yára jáde ju ti ẹlòmíràn lọ; dídì ni kì í tètè dì, torí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fátọ̀ 8 kò tó nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ ni àṣírí àrùn náà sábà máa ń tú: ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa kán, olóòlà á sì ti ṣe gbogbo èyí tó mọ̀.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń bayé ọmọ yìí jẹ́ jù kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Inú oríkèé ló ń sun sí: orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ìgúnpá. Kí ibẹ̀ tó wú, ọmọ náà á ti mọ̀ ọ́n lára. Á dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lásìkò yẹn, òun nìkan ló mọ̀. Bó bá sọ pé "ó ti bẹ̀rẹ̀", tí wọ́n sì tètè fún un ní fátọ̀, oríkèé á yè. Bó bá ń pa á mọ́ra lemọ́lemọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹsẹ̀ náà kò ní ṣeé nà mọ́.

Kí ló ń mú ọmọ pa á mọ́ra? Ó ti rí omijé ìyá rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ kẹ́yìn. Ó ti gbọ́ "ṣé mi ò ní kó o má sáré?" Ìdí nìyẹn tí ìlànà ìtọ́jú tí World Federation of Hemophilia, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí àrùn yìí, gbé jáde ní 2020 fi ka olùtọ́jú ọkàn mọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni iṣẹ́ olùtọ́jú ọkàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Orí kúrómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn àbùdá tí ọmọ ń jogún, ni àbùkù náà wà, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọkùnrin ti ń gba X tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí àwọn àna, ó lè di "ìwọ lo gbé e wọlé wa". Olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ á mú tọkọtaya jókòó pọ̀, á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tó ṣe nínú oyún tó fà á, àti pé nínú ọmọ mẹ́ta tó ní in, bí ọ̀kan ni ẹnikẹ́ni ò ní in rí nínú ẹbí rẹ̀. Ìyá tí ẹ̀bi ń jẹ lọ́kàn kò ní lè gbọ́ "ó ti bẹ̀rẹ̀" kí ojú rẹ̀ má yí padà, ọmọ á sì rí ojú náà.

Ní ilé ìwé, ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù. Olùkọ́ á rò pé bí abẹ́rẹ́ bá gún ọmọ náà pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Á wá ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásìkò eré. Nítorí náà, òbí tàbí nọ́ọ̀sì á lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ kékeré, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì dì í. Bó bá forí gbá nǹkan, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ojú ibẹ̀ ò tilẹ̀ bó. Kò gbọ́dọ̀ lo aspirin tàbí ibuprofen. Ẹgba kò sí rárá. Ọmọ kankan ò tilẹ̀ yẹ fún un. Ìjàkadì àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò bá a mu, ṣùgbọ́n kó máa wẹ odò, torí iṣan tó lágbára ló ń dáàbò bo oríkèé. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí kò wá, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, kí àìsí ní kíláàsì má baà sọ ọ́ di olódo.

Ọmọ náà ń kọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀: á kọ́kọ́ mọ orúkọ oríkèé kọ̀ọ̀kan, tó bá yá, á bá wọn po fátọ̀ pọ̀, tó bá sì dàgbà tó, á kọ́ bí yóò ṣe máa fún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nílé àti níwájú dókítà, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé: bó bá ti ní ó ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í dúró de wíwú kí wọ́n tó gbà á gbọ́.